Táǹkì Onígun Mẹ́rin

"Ìyá Ìyábọ̀, ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró ná."

Adébísí kò dá a dúró. Ó kù díẹ̀ kí ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kàkí tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ tán, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dúró lágbede méjì, ojú ìrán yóò wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ̀rọ ń ké. Fàtímọ̀ aládùúgbò rẹ̀, ìyàwó Bàbá Sàídì, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ kan di ìborùn rẹ̀ mú, kò sì jókòó. Ìgbà tí Adébísí já òwú tán tó gbójú sókè ló tó rí i pé ohun tó gbé obìnrin náà wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ.

"Kí ló dé?"

"Táǹkì tí Bàbá Ìyábọ̀ mọ sóko ti ya."

"Ó ya báwo?"

"Òjò àná ni. Bàbá Sàídì ti oko dé láàárọ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ loko tiwa náà wà. Wọ́n ní omi kún un dẹ́nu, ló bá là ní igun, ni gbogbo omi náà bá ya lu àwọn ohun tí wọ́n gbìn sísàlẹ̀. Ọmọ igi ọsàn tí wọ́n lọ́, tòmátì, púpọ̀ nínú ẹ̀ lomi gbá lọ."

"Àwọn fúnra wọn ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Bàbá Sàídì ní ńṣe ni wọ́n jókòó sórí òkúta kan, tí wọ́n ń wolẹ̀. Òun kí wọn, wọn ò dáhùn."

Adébísí ká ṣòkòtò náà, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Aṣọ iléèwé mẹ́rìndínlógún ló kù nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde kí ọdún Àjíǹde tó dé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fàtímọ̀, ó mú òmíràn, ó fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Ìgbà mẹ́ta ni òwú náà kọ̀ tí kò wọlé.

Ọjọ́rú ni, nínú oṣù kẹrin ọdún 1962. Kọ́láwọlé ọkọ rẹ̀ kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé tó ti Kánò dé. Káfíńtà ni. Ọdún méjì gbáko ló fi wà lọ́hùn-ún. Ó bá wọn kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí ibùdó kan tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ń lò lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fetí sí ọkọ̀ tó ń lọ lójú òfuurufú. Nígbà tí iṣẹ́ ilé parí, wọ́n ní kí ó dúró kí ó máa bá wọn tún nǹkan ṣe. Iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ wá kiri ni. Àfi bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Ẹdẹ lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, tòun ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ àti páálí ńlá kan tó ká, tó ní òun ò padà mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ tó dé kọ́ ló tú páálí náà. Ọjọ́ kejì ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ife mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ya ilé kan sí i, ilé oníyàrá méjì tó ní òrùlé páànù. Ó ti ya ọ̀nà tí òjò yóò gbà láti orí páànù bọ́ sínú táǹkì sìmẹ́ńtì. Láti inú táǹkì, omi yóò máa lọ sídìí ẹ̀fọ́. Ilé adìẹ wà lókè, kòtò ajílẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ sì tò yí gbogbo rẹ̀ ká. Orí ilẹ̀ bàbá wọn tó wà lọ́nà Sẹ́kọnà ni yóò wà.

"Kò sí ohun tó máa wọ ilé yìí tó máa ṣòfò," Kọ́láwọlé ní. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé. "Ẹ gbọ́. Ọkọ̀ tí ọkùnrin Amẹ́ríkà kan gbé lọ sójú òfuurufú lóṣù kejì, ẹni tó bá na apá nínú ẹ̀ á kan ògiri. Omi tó máa mu, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ tó máa mí, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Oúnjẹ ẹ̀, inú nǹkan bí èyí tí wọ́n ń rọ ọṣẹ ìfọyín sí ló wà, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu. Bí ohun tó gbé lọ bá tán, kò sẹ́ni tó lè gbé òmíràn lọ bá a."

Ìyábọ̀ ọmọ wọn, ẹni ọdún méjìlá, fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti tábìlì. Òun nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí tó yè. "Bàbá mi, àwa tí a wà nílé ayé ńkọ́? Ta ló máa gbé nǹkan wá fún àwa láti ìta?"

Kọ́láwọlé wo ọmọ náà títí, ó wá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo mọ̀wé jù nínú ilé yìí," ó ní. "Odidi ọdún méjì ni mo fi ro èyí tó o sọ yẹn."

Adébísí tẹ orí ba páálí náà, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ilé adìẹ ní àyè tirẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ pàápàá ní àyè tirẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ńkọ́? Níbo ló wà nínú èyí?"

"A máa ríbi gbé e sí."

"Ọkọ̀ òkè yẹn, ẹni mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹnì kan ṣoṣo."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Adébísí wí. Ó gbé ife tirẹ̀ kúrò lórí igun páálí, igun náà sì ká padà.

Láti ìgbà náà ni Kọ́láwọlé ti ń lọ sóko ní ọjọ́ Ajé, tí kì í wálé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọn ò jà. Bó bá dé, á sọ bí iṣẹ́ ṣe dé sí, Ìyábọ̀ á máa bi í léèrè, Adébísí á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìjọba fa omi ẹ̀rọ wọ̀lú, òun ń lọ gbé agbada fún òjò nínú igbó. Adébísí ò bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì gbèjà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Fàtímọ̀ mú ìròyìn wá, Afọlábí ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé ni, òun sì ni olórí ẹbí. Bàbá Múyìwá ni Adébísí ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Orí àga ọlọ́nà ni ó bá a, níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ ra ẹsẹ̀.

"Ìyàwó, jókòó. O ti gbọ́ nípa táǹkì."

"Mo ti gbọ́, Bàbá Múyìwá."

"Oníṣòwò pákó kan wà ní Òṣogbo tó fẹ́ igi tó wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ìrókò wà níbẹ̀, igi ọmọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá gé wọn tán, àwọn kan tún fẹ́ ibẹ̀ fún tábà. Mo ti ń dá a dúró láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti ti Kánò dé, torí mo ní kí n má pa ìrètí ẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa wá gbọ́ èsì. Mi ò lè dá a dúró mọ́."

Adébísí tún gèlè rẹ̀ wé.

"Bí èmi bá lọ wò ó, Kọ́láwọlé á ní mo fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Ìwọ lọ. Bí ibẹ̀ bá dára, wá wí fún mi. Bí kò bá dára, wá wí fún mi. Ohun tó o bá sọ ni màá tẹ̀ lé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti bá a rí ibì kan sídìí rélùwéè. Ó lè dá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá kígbe láti ibẹ̀, wàá gbọ́ ọ nílé."

Ohun tí Adébísí ti fi ọdún méjì gbàdúrà fún gan-an ni, pé kí ọkọ òun máa jáde láàárọ̀, kí ó máa wọlé nírọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ti mọ ohun tí òun yóò sọ tí òun bá padà dé. Kò nílò láti pa irọ́ kankan. Táǹkì sáà ti ya.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti Ìyábọ̀ wọ bọ̀lẹ̀kájà tó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé oríta Sẹ́kọnà, wọ́n ya sínú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ ṣì rọ̀ láti ọjọ́ òjò. Ìyábọ̀ gbé odù ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ sórí, kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀.

"Ìyá mi, bí a bá sùn síbẹ̀, ẹ máa rí ìràwọ̀ tó ń rìn."

"Ìràwọ̀ wo?"

"Èmi àti bàbá mi rí i lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé. Mo sọ fún yín. Ẹ ní kí n lọ fọ abọ́."

Adébísí rántí. Aṣọ ọ̀gá iléèwé kan ló ń gé lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ kí wọ́n da òun láàmú.

Wọ́n gbúròó òòlù kí wọ́n tó rí ilé náà. Ilé dúró dáadáa. Páànù rẹ̀ ń dán, ọ̀nà omi tó kàn sétí òrùlé tọ́ bí okùn tí wọ́n fà. Ṣùgbọ́n táǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti la ẹnu. Igun kan ti ya láti òkè wá dé ibi tó ga tó orúnkún, ògiri méjì fà kúrò lára ara wọn, ó sì fàyè sílẹ̀ tí ọmọdé lè gbà kọjá. Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ewé ọsàn kéékèèké sì ń yọjú nínú rẹ̀ káàkiri. Kọ́láwọlé wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi òòlù kékeré fọ́ sìmẹ́ńtì tó ti ya kúrò. Ọkùnrin náà ti rù. Irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Adébísí wí.

Kọ́láwọlé gbójú sókè. "O wá."

"Mo wá."

"Wọ́n ti gbọ́ nílùú?"

"Wọ́n ti gbọ́."

"Bọ̀dá mi náà?"

"Àwọn náà."

Ó mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu sìmẹ́ńtì lọ. Adébísí fi í sílẹ̀, ó rìn yí oko náà ká. Ó ka adìẹ, mẹ́sàn-án ni, ara wọn sì le. Ó wo kòtò ajílẹ̀, kò rùn tó bó ṣe rò. Ọsàn tó wà lápá òkè ṣì dúró, ogún ó lé mẹ́ta. Nínú táǹkì tó ya, omi tó ga tó orúnkún ṣì dúró sísàlẹ̀, ó mọ́ kedere. Ìyábọ̀ fi igbá bù ú, ó mu ún.

"Ó tutù," ọmọ náà ní. "Ìyá mi, ẹ tọ́ ọ wò."

Adébísí tọ́ ọ wò. Omi rere ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, Ìyábọ̀ lọ sídìí àwọn adìẹ. Kọ́láwọlé tún mú ọ̀rọ̀ táǹkì. Ó ní sìmẹ́ńtì tí òun lò ló kéré, ó ní òun máa mọ ọ́n padà nípọn ní ìlọ́po méjì, ó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, kí Adébísí àti Ìyábọ̀ kó wá. Ó ń sọ ọ́ lọ, kò gbójú sókè.

"Bàbá Ìyábọ̀," ni Adébísí wí, "ẹ dákẹ́ díẹ̀."

Ó dákẹ́.

"Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe àpótí tó ń sọ̀rọ̀ nílé àwọn ọlọ́rọ̀? Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀yin gan-an lẹ wá di asọ̀rọ̀mágbèsì. Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé lẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ òfuurufú àti ọ̀rọ̀ oko. Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹ fẹ́ kó mi wá síbí, inú páálí ni mo ti rí i. Mi ò ní kí ẹ má lálàá. Àmọ́ ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kó àwọn oníbàárà mi jọ, níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ò tiẹ̀ ya abẹ́rẹ́ kan sínú ilé yín."

Kọ́láwọlé gbé òòlù sílẹ̀.

"Mo gbàgbé ẹ̀rọ rẹ," ó ní. "Mi ò ní parọ́. Mo gbàgbé ni."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún un ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òun ń fá ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ ní ibùdó náà ni wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó ń pariwo dúró. Òun bá jókòó sílẹ̀. Ooru mú, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn ẹ̀rọ wà. Òun gbọ́ nǹkan tó ń dún bí epo tó ń hó. Lójijì, ohùn ènìyàn jáde nínú rẹ̀.

"Ọkùnrin tó wà lókè yẹn ni. Ó pe Kánò. Mo gbọ́ ọ kedere, Adébísí, ó pe orúkọ ìlú tí mo jókòó sí. Òyìnbó tó wà nídìí ẹ̀rọ dá a lóhùn. Ó tún sọ̀rọ̀, wọ́n tún dá a lóhùn. Kò pẹ́ rárá, ó ti kọjá lọ. Ọmọ Ìbàdàn kan tó mọ̀ nípa iná sọ fún mi pé àwọn mìíràn létí òkun níhà ìlà-oòrùn ti gbà á, pé bí wọ́n ṣe máa gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyẹn yí gbogbo ayé ká, kó má baà sí ibi tó máa ti sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ibi tí mo jókòó sí ni omijé ti bọ́ lójú mi. Kì í ṣe torí òyìnbó. Mo ti wà nínú yàrá kan ní Sábó fún ọdún méjì. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè mí. Ẹni tó wà lókè níbi tí ẹyẹ ò dé, wọ́n ń dá a lóhùn. Èmi tí mo wà nílẹ̀ dúdú, bí mo bá sọ̀rọ̀, ògiri ló ń gbọ́. Ni mo bá di ẹrù mi."

"Ẹ wá sílé," ni Adébísí wí pẹ̀lẹ́, "ẹ wá lọ kọ́lé sínú igbó."

Kọ́láwọlé gbójú sókè. Ó wo igbó tó yí wọn ká, ó wo ilé oníyàrá méjì rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ariwo, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa. Kí ni kí n ṣe?"

Adébísí retí bóyá yóò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Kò fi kún un. Ó ń dúró de èsì.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú wọn ló kọ́kọ́ wá sẹ́nu rẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ìdí tí ẹ fi mọ ọ́n ní onígun mẹ́rin."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọ́n?"

"Káfíńtà ni yín, igun lẹ mọ̀. Àpótí, tábìlì, ilẹ̀kùn, igun ni gbogbo ẹ̀. Ẹ wo ṣòkòtò àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń tún rán. Kì í ya láàárín. Ibi tí ojú ìrán méjì ti pàdé ló ti máa ń ya, torí ibẹ̀ ni gbogbo agbára tó ń fà á ń kóra jọ sí. Bí ẹ bá fi aṣọ tó nípọn ju èyí lọ rán an, ibẹ̀ náà ló tún máa ti ya. Ẹ rántí ìkòkò omi ìyá yín. Ta ló mọ ìkòkò onígun rí?"

Kọ́láwọlé dìde. Ó lọ dúró nídìí igun tó ya, ó fi ọwọ́ tọ ojú rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ mú èèkàn kan àti okùn. Ó kan èèkàn mọ́ ilẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn, ó ní kí Ìyábọ̀ di ẹnu okùn mú pẹ̀lú igi ṣóńṣó kan, kí ó fà á le, kí ó sì rìn yípo. Ọmọ náà yí i po, igi ṣóńṣó ń fa ilẹ̀. Adébísí kò gbà, ó ní ó fẹ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo tó máa mọ ọ́n. Wọ́n dín okùn kù. Wọ́n tún yí i. Títí oòrùn fi rẹlẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì jiyàn, Kọ́láwọlé á béèrè, á sì dúró gbọ́.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ojú ọ̀run ṣì ń pọ́n lápá kan, nígbà tí Ìyábọ̀ ké sí wọn. Adébísí wo ibi tí ọmọ náà nàka sí. Ìràwọ̀ kan ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn. Kò já bí ìràwọ̀ tó ń já, kò sì ṣẹ́jú. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ lórí igi ìrókò, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó sì mọ ilé tó ń lọ.

"Ṣé ènìyàn wà nínú ẹ̀?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Rárá. Òfìfo ni," ni Kọ́láwọlé dáhùn. "Bàlúùnù ńlá tó ń dán ni wọ́n gbé síbẹ̀. Àwọn ará ìlú kan á ju ohùn lù ú, ohùn náà á sì ta sọ́dọ̀ àwọn ará ìlú mìíràn tó jìnnà."

Adébísí wò ó títí tí ọrùn fi ń ro ó. Ẹnì kan, níbì kan, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán nǹkan yìí. Ó dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí bàlúùnù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ojú ìrán. Ó ń rò ó bí wọ́n ṣe gé e, bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ tí kò fi ya, títí ó fi wọ inú òkùnkùn lápá ìlà-oòrùn. Nígbà náà ló tó mọ̀ pé òun di ọwọ́ ọkọ òun mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó wà níwájú Afọlábí.

"O ti dé," ni àgbàlagbà náà wí.

"Mo ti dé, Bàbá Múyìwá."

"Ṣé ó ya lóòótọ́?"

"Ó ya. Kò ṣeé tún ṣe, àfi kí wọ́n wó o."

"Ọ̀gbìn ńkọ́?"

"Ó ju ìdajì lọ tí omi gbé lọ."

Afọlábí mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí fún un. Kò burú, màá sọ fún ará Òṣogbo yẹn pé kí ó…"

"Bàbá Múyìwá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Ó kúnlẹ̀ dáadáa. Kò tíì bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ tó gùn rí.

"Ilé tí wọ́n kọ́ dára. Omi tó kù níbẹ̀, mo mu nínú ẹ̀. Àṣìṣe wà nínú táǹkì, a sì ti mọ ibi tó wà. A máa mọ òmíràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi ilẹ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni, títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Bí èyí bá tún ya, èmi fúnra mi ni màá wá sọ fún yín pé kí wọ́n máa gé igi lọ."

"'A' lo wí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Múyìwá."

"Ìwọ náà ń kó lọ sóko ni?"

"Rárá o. Ìyábọ̀ gbọ́dọ̀ parí iléèwé, èmi náà ní iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni a ó máa wà lóko, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ tó kù, nílé ni wọ́n á máa sùn, wọ́n á sì gba ibi ìdí rélùwéè tí ẹ bá wọn wá yẹn. Bàbá Sàídì á máa bá wa wo àwọn adìẹ. Bó bá di ọdún mélòó kan, tí ọmọ ti kúrò nílé, a lè wá ro ti kíkó lọ."

Afọlábí fara ti ẹ̀yìn àga rẹ̀.

"Ètò yìí dára. Kọ́láwọlé gbà á?"

Adébísí la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà náà ló tó rántí. Inú bọ̀lẹ̀kájà tó ń gbé òun àti Ìyábọ̀ bọ̀ láàárọ̀, tí Kọ́láwọlé dúró sóko, ló ti ṣètò gbogbo rẹ̀, ọjọ́ oko, ọjọ́ ilé, ṣọ́ọ̀bù ìdí rélùwéè. Kò tiẹ̀ sọ fún Kọ́láwọlé pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán òun, tàbí pé oníṣòwò pákó kankan wà láyé.

"Wọn ò tíì gbọ́," ó ní.

Afọlábí wò ó. Ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. "Tọkọtaya ni yín lóòótọ́," ó ní. "Lọ bá a sọ ọ́. Ará Òṣogbo ò ní dé kí ọ̀sán tó pọ́n."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyábọ̀ lọ síléèwé. Àwọn ìyá ọmọ méjì ti ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, Adébísí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá lọ́la, ó sì lọ sí ibùdókọ̀. Inú ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu sẹ́sẹ̀ sún fún un, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò rí ẹrù kankan níbẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀. Kí lẹ ń lọ rà ní Sẹ́kọnà?"

"Mi ò lọ ra nǹkan kan," ni Adébísí dáhùn. Ó ń ro ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí Kọ́láwọlé bá bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Bó bá ní ètò mìíràn, òun yóò jókòó sórí òkúta yẹn, òun yóò gbọ́ ọ títí dópin. "Mo fẹ́ lọ bi ọkọ mi léèrè ọ̀rọ̀ kan ni."